Ṣé asẹ́ membrane lè yọ hexane kúrò nínú àdín?

Elékùrọ́ Iléṣà:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ẹ̀rọ ìfún ekùrọ́ nítòsí ọjà Àtàkúnmọ́sà. Bí a bá fún un tán, òróró ṣì ń bẹ nínú kéèkì, ìyẹn ìdọ̀tí ekùrọ́ tó kù. Ẹ fi ọwọ́ pa á, ẹ ó rí i. Ẹnì kan ní kí n fi hexane, kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ òróró, fọ̀ ọ́ jáde, kí n wá sè é títí hexane á fi gbẹ. Gáàsì ti wọ́n jù. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe píọ̀ wọ́tà ní asẹ́ RO (irú asẹ́ membrane tí wọ́n fi ń sẹ́ omi) tí kò lò mọ́, ṣé n kò lè fi sẹ́ ẹ?

Ọmọ Párákìn, Ifẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá asẹ́ RO padà fún oníǹkan. Omi ni wọ́n ṣe é fún. Agbára káká ni hexane fi ń gbà á kọjá, rọ́bà ẹnu rẹ̀ á sì wú. Èyí tó ń gba hexane wà: ti silikóònì, ti polyimide (irú ike kan), àti ti amọ̀ sísun. Ìwọ̀n mólékù, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di nǹkan, ni wọ́n ń wò. Ti hexane jẹ́ 86, ti òróró sóyà tó 880, torí náà ọ̀kan á kọjá, èkejì á dúró. Àdín kì í ṣe sóyà o! Mólékù ọ̀rá rẹ̀ kéré, bíi 700 péré. Asẹ́ tó ń dá sóyà dúró lè jẹ́ kí àdín yọ́ lọ mọ́ hexane. Ẹni tó bá ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, kó kọ́kọ́ wo irú òróró tí wọ́n fi dán an wò.

Èkejì, bí hexane bá ṣe ń jáde ni òróró ń ki, tí ìṣàn ń falẹ̀. Asẹ́ kò lè parí iṣẹ́. Yóò bá yín yọ apá kan láìlo iná, owó sì wà nínú ìyẹn, àmọ́ ooru omi ló máa lé ìyókù. Òfin Yúróòpù kò gbà kí hexane ju mílígíráàmù 1 lọ nínú kílò òróró 1.

Ìyá Aládín Lágere:
Ta ló ní kó o gbé hexane ka gáàsì? Èéfín rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń fà bọ̀ títí á fi kan iná. Wàá sun ọjà! Yá ekùrọ́ rẹ lórí iná díẹ̀ kó o tó fún un, kó o sì tún kéèkì fún lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ló ń ra ìyókù, ọ̀rá inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń wá.

Elékùrọ́ Iléṣà:
Ẹ ṣé, mà. Ọmọ Párákìn, bí mo bá gbé kéèkì wá, ṣé ẹ lè bá mi wọn òróró tó kù nínú rẹ̀?

Ọmọ Párákìn, Ifẹ̀:
Ẹ gbé ti fífún àkọ́kọ́ àti ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wá, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó gbẹ o.