Ẹ̀yin dókítà Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, yàtọ̀ sí wíwo aláìsàn, kí ló tún ń dúró dè mí?

ỌmọṢágámù:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé ìṣègùn ni, a ti búra, ìwé provisional, ìyẹn àṣẹ onígbà díẹ̀, ti jáde lọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ, housejob ló kàn, iṣẹ́ tí dókítà tuntun ń ṣe lábẹ́ àwọn ọ̀gá. Ọdún kan, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní mẹ́dísìn, ní sọ́jẹ́rì, lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé àti lọ́dọ̀ àwọn aláboyún, ìyẹn yé mi. Èyí tí ò yé mi ni ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kan sọ lánàá, a jọ ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ ní Sábó, ó kàn ní wíwo aláìsàn ò ju ìdajì iṣẹ́ lọ, ìdajì tó kù wọn ò kọ́ wa. Mo ní kó ṣàlàyé, ló bá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni ìdajì ọ̀hún? Ẹ má ní kí n ṣáà máa ní sùúrù o, màmá mi ti sọ ìyẹn.

MàmáKáàdì:
Ọmọ mi, o kú oríire. Èmi kì í ṣe dókítà, ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní rẹ́kọ́ọ̀dù kí n tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ dókítà tó àwa rẹ́kọ́ọ̀dù torí ọ̀dọ̀ wa ni fáìlì ń padà sí. Ẹ ó tọ́jú èèyàn tọ̀sántòru, ẹ ò ní kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ò ní fi déètì sí i, ẹ ò ní sáìn. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé kóòtù, ohun tẹ́ ẹ ò kọ, ẹ ò ṣe é nìyẹn.

Jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan fún ẹ, ọ̀nà Ìpẹ́rù ló ti wá. Àárọ̀ ni ọkọ ẹ̀ kú, Mùsùlùmí sì ni wọ́n, wọ́n ti ń gbẹ́ sàréè nílé kí oòrùn tó gòkè, àwọn mọ̀lẹ́bí dúró lé dókítà lórí, "Dókítà ẹ tètè dá wa lóhùn, Lèmọ́mù ti ń dúró." Ọmọ housejob bíi tìẹ ló kọ ìwé ẹ̀rí ikú. Ó kọ "Alhaji", ó wá kọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é lọ́jà tẹ̀ lé e, torí òun ló wà lẹ́yìn fáìlì. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ohun tó pa á, ó kọ cardiac arrest. Ta ló kú tí ọkàn ẹ̀ ò dúró, ẹ gbà mí o! Àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an ni wọ́n ní kó kọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́dún pípẹ́ ló ń bá bàbá yẹn jà tó fi wá dà á wó lulẹ̀, ó wà nínú fáìlì kan náà ní ojú ewé kejì.

Ìgbà tí ìyàwó gbé e dé báǹkì, wọ́n ní àwọn ò mọ Alhaji kankan. Àwọn tó ń bójú tó pẹ́ńṣọ̀n ní kó lọ gba àfidéfíìtì, ó gbà á, wọ́n tún ní kì í ṣe irú ẹ̀. Ọjọ́ tó wá bá mi, ó tú àwọn ìwé yẹn jáde nínú náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì, ó tò wọ́n sórí káńtà mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi wò ó, ṣé kì í ṣe ọkọ mi ló kú ni?" Dókítà tó kọ ọ́ ti wà ní Ìlú Ọba nígbà yẹn.

Kóo tó kọ orúkọ òkú, ní kí wọ́n mú NIN wá tàbí káàdì ìdìbò. Kí wọ́n máa pariwo.

DókítàÌjẹ̀búÒde:
Màmá ẹ ṣeun. Àbúrò, èmi fẹ́ kí o tún mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òkú lo lè kọ ìwé ẹ̀rí fún o. Ẹni tí mọ́tò gbá ní ìntàṣéǹjì Ṣágámù, tàbí tí wọ́n gbé òkú ẹ̀ dé tẹ́nikẹ́ni ò mọ ohun tó pa á, ti ọlọ́pàá àti kọ́rónà, ìyẹn aṣojú òfin tó ń wádìí ikú, ni, bí Lèmọ́mù bá fẹ́ kó ti kírun tán. Ti ìbọn tún yàtọ̀. Òfin 2017 ní kí ẹ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ọlọ́pàá mú ìwé wá o, wọn ò mú wá o, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí 2 tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, ọsibítù gbọ́dọ̀ ti fi tó tẹ́ṣàn tó sún mọ́ ọn létí. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ apá kìn-ín-ní, wọn ò mọ apá kejì.

Ti àṣírí aláìsàn wá ni ìyọnu ilé wa níbí, torí gbogbo wa la mọra wa. Òfin Ìlera 2014 ti sọ ìgbà tí o lè tú u: kí aláìsàn fúnra ẹ̀ kọ̀wé pé kí o sọ ọ́, tàbí kóòtù pàṣẹ, tàbí kí dídákẹ́ rẹ̀ fẹ́ kó ewu bá ará ìlú, àtàwọn díẹ̀ mìíràn. Kò sí "ọ̀rẹ́ ìyá ẹ ló bèèrè" níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ká mi mọ́ ibi ìnáwó lọ́jọ́ kan, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé òótọ́ ni pé ìyàwó lágbájá wá sọ́dọ̀ mi. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ti wá rí, ṣé ó gbọ́?" Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbé jọ̀lọ́ọ̀fù dé.

Àtàwọn tó ń wá ìwé àìlera. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ibà á bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ẹni tára ẹ̀ le koko bí òkúta, tó ti ran aṣọ régbérégbé, á ní kí n kọ ọ́ pé kó sinmi fún ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò kọ ọ́. Ìwé irọ́ tí o bá sáìn, ìwọ ni wọ́n máa pè níwájú tribunal MDCN tó ń bá dókítà wí, wọn ò ní pe ẹni tó gun ẹṣin.

Nọ́ọ̀sìRẹ́mọ:
Ẹ fi ìwé sílẹ̀ díẹ̀. Bí a ṣe ń túfọ̀ lẹ̀ ń sá fún gbogbo yín, àwa nọ́ọ̀sì lẹ máa ń ti síwájú. Má dúró lójú ọ̀nà wọ́ọ̀dù sọ fún ìyá pé ọmọ ẹ̀ ti kú, kóo tún máa wo fóònù. Wá ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, wá àga, kí ìwọ náà jókòó. Kóo wá sọ ọ́ kó yé wọn o, torí mo ti rí dókítà tó fi gẹ̀ẹ́sì po ọ̀rọ̀ títí, tó lọ tán, tí bàbá wá bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n máa dá ọmọ òun sílẹ̀ kó máa bọ̀ nílé.

OníKílíníìkì:
Ẹ̀ ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ o jàre. Àmọ́ ìgbà tóo bá dá tìẹ sílẹ̀ lo máa mọ̀. Full registration lẹ́yìn housejob, ìsìnrú ìlú, láísẹ́nsì tí à ń tún ṣe lọ́dọọdún tí kò ṣeé tún ṣe bí pọ́ìntì CPD, ìyẹn ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ò bá pé, ìforúkọsílẹ̀ CAC, ìwé ìjọba ìpínlẹ̀, owó orí, díísù, ẹni tó máa kó abẹ́rẹ́ àlòkù. Èyí tó ń pa mí ni ti ìnṣọ́ránsì. Aláìsàn NHIA, ìyẹn ìnṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba, tó yẹ ká gbé lọ sí ọsibítù ńlá, kóòdù àṣẹ látọ̀dọ̀ HMO, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ìnṣọ́ránsì ẹ̀, gbọ́dọ̀ dé kọ́kọ́, aago mọ́kànlá òru mo wà lórí fóònù, orin ni wọ́n ń kọ fún mi, ọkọ aláìsàn dúró tì mí ó rò pé ọ̀rẹ́ mi ni mò ń bá tàkúrọ̀sọ. Mo fi fóònù sí lóúdì kó lè gbọ́ orin náà.

ỌmọṢágámù:
Hàà, ẹ ṣé gan-an ni o, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. MàmáKáàdì ẹ jọ̀ọ́, ṣé obìnrin yẹn padà rí owó náà gbà?

MàmáKáàdì:
Ó gbà á. Ọ̀gá dókítà wọ́ọ̀dù yẹn ló padà bá a kọ lẹ́tà sí ìwé ọsibítù pé ẹnì kan náà ni. Ó ti lé lọ́dún kan nígbà yẹn, wọ́n ti lé àbíkẹ́yìn ẹ̀ wálé láti ilé ìwé nítorí owó.