Accord 2004 mi ń dún bí ẹ̀fọn, wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì àti alternator, ariwo ò lọ

Àǹtí_Akóbọ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Honda Accord 2004 ni mọ́tò mi, èyí tí wọ́n ń pè ní End of Discussion, four plug, ọkọ mi ló kọ́kọ́ lò ó kó tó bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́ta báyìí tó ti ń dún lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ariwo kuẹ́ẹ̀ tí bẹ́líìtì máa ń pa tó bá ń yọ̀ o, èyí ń hu ni, fíìììììn, bí ẹ̀fọn tó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó tó wá dúró sẹ́bàá etí èèyàn lóru, tí mo bá tẹná ohùn ẹ̀ á lọ sókè, tí mo bá gbẹ́sẹ̀ á wálẹ̀. Àárọ̀ ló burú jù. Tí mo bá ń yí jáde ní géètì ilé láàárọ̀ kùtù, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀ pé mo ti ń lọ síbi iṣẹ́, ọmọ mi kékeré ti ń sín in jẹ.

Mẹkáníìkì mi ní bẹ́líìtì ni. A pààrọ̀ ẹ̀, pàbó. Ó ní ká pe réwáyà, réwáyà fi mítà sórí bátìrì, ó rí fóòtì 12.6, ó ní alternator ti kú, kò cháàjì mọ́, bẹ́rìn inú ẹ̀ ló ń ké. Mo gba Géètì n'Ìbàdàn lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà mọ́tò, mo ra tòkunbọ̀, owó tó yẹ kí n fi san owó ilé ìwé ló wọlé síbẹ̀. Wọ́n dè é tán, ariwo ọ̀hún kò tiẹ̀ yí ohùn padà! Ní báyìí mẹkáníìkì tún ní compressor AC ni. Mo ní rárá o. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó bá mi dá sí i, kí n má baà ra ẹ́ńjìnnì tuntun ní díẹ̀díẹ̀.

Ọlọ́kọ̀_Mọ́kọ́lá
Àǹtí ẹ kú ìnáwó o. Ṣé ẹ ti pa AC wò? Corolla tèmi ṣe irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo pa AC ó dákẹ́ wíì, compressor ni. Mẹkáníìkì yín lè má parọ́ lẹ́ẹ̀kẹta yìí o, ẹni tó ń ta lọ́tìrì náà á jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan 😂

Àǹtí_Akóbọ̀
Bọ̀dá mo pa á, kò dákẹ́. AC ọ̀hún gan-an kì í tutù tẹ́lẹ̀, fèrèsé ni mo ń ṣí.

Alàgbà_Òkè_Àdó
Ẹ pẹ̀lẹ́ ìyá wa. Ọ̀rọ̀ pípa AC yẹn, kó má tàn yín jẹ o. Tí ẹ bá pa AC, púlì compressor kò dúró, ó ṣì ń yí tẹ̀lé bẹ́líìtì, clutch iwájú ẹ̀ nìkan ló tú u sílẹ̀, nítorí náà bẹ́rìn púlì lè máa ké kí AC wà ní pípa. Tó bá dákẹ́, a jẹ́ pé compressor ni, gẹ́gẹ́ bí ti bọ̀dá Mọ́kọ́lá. Tí kò bá dákẹ́, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Four plug yín yẹn, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo wọn: alternator, páńpù sítíárìn, compressor AC, páńpù omi, pẹ̀lú tensioner tó ń fà á le àti púlì kan tó kàn ń darí ẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára ni gbogbo wọn ń yára, ìdí nìyẹn tí ariwo èyíkéyìí nínú wọn á fi máa ga tí ẹ bá tẹná. Ìyẹn nìkan ò lè fi ẹni tó jalè hàn. Irin ló so wọ́n pọ̀, ariwo sì máa ń rìn nínú irin bí olófòófó, èyí tó ń ké lọ́wọ́ òsì, ọ̀tún lẹ ti máa gbọ́ ọ. Mẹkáníìkì tó bá fi etí lásán tọ́ka sí ọ̀kan nínú wọn, Ifá ló ń dá, kò kàn sí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ ni.

Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níṣẹ́ ṣe, kí ẹ wo èyí tí ohùn ẹ̀ máa yí. Láàárọ̀ ọ̀la, kí mọ́tò tó gbóná rárá, ẹ sítáátì ẹ̀, ẹ fi sí P, ẹ má tẹná. Bó bá ń hu lójú kan báyìí tí mọ́tò ò rìn, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ jíà, torí ariwo jíà sáábà máa ń tẹ̀lé ìrìn mọ́tò ni. Ẹ wá yí sítíárìn sọ́tùn-ún jẹ́jẹ́, ẹ yí i sósì. Tí ariwo bá ń fẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i, tó rọlẹ̀ bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, páńpù sítíárìn lẹ ń bá sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá yí i dé ìparí ẹ má dì í mú síbẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5 lọ o, ibẹ̀ lọ́ìlì ti máa ń tì jù, ó ń sun páńpù. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tan iná iwájú àti fáànù, iṣẹ́ ti alternator nìyẹn, kí ẹ fetí sílẹ̀.

Kí ẹ wá ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ike ọ́ìlì sítíárìn, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì ṣì wà ní títàn, ẹ sọ àwọ̀ ẹ̀ fún mi, kí ẹ sì sọ bóyá ó ń hó. Ìborùn tàbí ẹ̀gbà ọrùn gígùn, ẹ bọ́ ọ sílé. Bẹ́líìtì ò mọ ìyàwó ilé.

Réwáyà_Ìwó_Road
Mo fẹ́ bá ẹlẹgbẹ́ mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àǹtí. 12.6 yẹn kì í ṣe ẹ̀rí lórí Honda. Ọ̀pọ̀ mọ́tò mìíràn, tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní títàn a máa ń retí nǹkan bíi 13.5 sí 14.5, tí kò bá dé ibẹ̀ a ó fura. Ṣùgbọ́n Accord yẹn ní nǹkan kan nínú àpótí fíùsì tó máa ń wo iye iná tí mọ́tò ń jẹ. Tí ẹrù ò bá wúwo, kọ̀ǹpútà á ní kí alternator sinmi, mítà lè ka 12.4 sí 12.9 kó má sì sí nǹkan tó ṣe é. Ká ní ó tan iná iwájú àti fáànù kó tó ká mítà ẹ̀ kúrò, á rí i tó máa fò lọ sí 14 àti jù bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí kò bá fò la tó máa ń dájọ́. Alternator Honda tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún nílùú Ìbàdàn yìí tí kò jẹ̀bi, ó pọ̀ jàre. Àǹtí, alternator yín àkọ́kọ́ dà?

Àǹtí_Akóbọ̀
Ó wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ó ní òun máa bá mi tà á fáwọn onírin 😭

Réwáyà_Ìwó_Road
Ẹ sáré gbà á lónìí. Ẹ má ì tíì bá a jà o, ẹ kọ́kọ́ gbà á.

Táyọ̀_Challenge
Èmi ò ní sùúrù yíyí sọ́tùn-ún yíyí sósì yìí o. Bí tèmi: ẹ yọ bẹ́líìtì, ẹ sítáátì, tí ariwo bá lọ, ara ohun tí bẹ́líìtì ń yí ni, tí kò bá lọ, inú ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ wò. Kí ẹ pa á, kí ẹ wá fọwọ́ yí púlì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ń họ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú ẹ̀, tàbí tó ń mì jẹ̀ẹ̀, ẹ ti rí i. Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì ló ń ké, omi díẹ̀ báyìí, ẹ wọ́n ọn sójú tó ní ìlà, tó bá dákẹ́ díẹ̀ tó tún padà, àwọn púlì ò tò gún, tó bá tún wá le sí i, bẹ́líìtì ń yọ̀, kò fà tó. Àmọ́ ti àǹtí yìí ò jọ ti bẹ́líìtì.

Alàgbà_Òkè_Àdó
Òótọ́ ni Táyọ̀ sọ, ọ̀nà gidi ni, ṣùgbọ́n fi kún un pé bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí páńpù omi, tí ẹ bá yọ ọ́, omi ò rìn mọ́ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ sítáátì ẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́, ẹ pa á kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Mo mọ ẹnì kan tó yọ ọ́ tó wá jókòó ti fóònù, ó dìde ó bá èéfín.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́lété, Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere, kì í yọ bẹ́líìtì rárá. Sukurudiráfà gígùn kan ló ní, ọwọ́ ẹ̀ ti yọ́ dúdú, á fi orí ẹ̀ ti ara alternator, ti ibi tí kò yí o, á wá fi egungun ẹ̀yìn etí ẹ̀ ti ọwọ́ sukurudiráfà yẹn, á dijú. Á sún un sí páńpù sítíárìn, á tún dijú. Bẹ́rìn tó ti bàjẹ́ máa ń dún gírígírí wọ inú orí èèyàn, èyí tó dáa á máa kùn bí oyin. A máa ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń gbàdúrà fún mọ́tò, ṣùgbọ́n mi ò rí i kó ní kí èèyàn ra ohun tí kò nílò rí.

Àǹtí_Akóbọ̀
Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Mo ti ṣe é! Bí mo ṣe ń yí sítíárìn báyìí ló ń kígbe bí ìgbà tí wọ́n tẹ ológbò ní ìrù, mo fi í sílẹ̀ ó rọlẹ̀. Iná iwájú, fáànù, AC, kò sí èyí tó yí ohùn ẹ̀ padà. Mo ṣí ike yẹn: ọ́ìlì ẹ̀ pupa bíi sóbò, ìfófòó wá wà lójú ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹmu sínú igbá. Mo pa ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tún gòkè díẹ̀ sí i fúnra ẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Ilẹ̀ ibi tí mo páàkì sí gbẹ fútẹ́, kò sí ọ́ìlì kankan.

Alàgbà_Òkè_Àdó
Àǹtí, ẹ ti mú u. Atẹ́gùn ló wà nínú ọ́ìlì. Ìfófòó yẹn ni atẹ́gùn, gígòkè tó gòkè lẹ́yìn tí ẹ pa á náà, atẹ́gùn inú ẹ̀ ló ń wú. Páńpù yẹn ọ́ìlì ló yẹ kó máa mu, ó wá ń mu ọ́ìlì pọ̀ mọ́ atẹ́gùn, igbe yẹn nìyẹn.

Ẹ ó ní níbo ni atẹ́gùn ń gbà wọlé tí ọ́ìlì ò gba ibẹ̀ jáde? Họ́ọ̀sì tó wá láti ike yẹn wọ páńpù, ẹ̀gbẹ́ tí páńpù ti ń fà ni, bí ẹni ń fi strọ́ọ̀ mu Fanta. Tí strọ́ọ̀ bá ní ihò, Fanta ò ní jò, atẹ́gùn lẹ kàn máa máa fà mọ́ ọn. Ibi tí họ́ọ̀sì yẹn ti wọ orí páńpù, rọ́bà òrùka kékeré kan wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní O-ring. Ooru ẹ́ńjìnnì ti sè é láti 2004, ó ti le, kò dí ihò mọ́. Accord irú tiyín yìí, àìsàn tó mọ̀ ọ́n dunjú nìyẹn. Owó ẹ̀ ò ra àwo àmàlà ẹlẹ́ran kan.

Nǹkan kejì: ta ló da ATF, ọ́ìlì jíà ọtomátíìkì, sí i? Àwọ̀ pupa yẹn ATF ni. Ìdérí ike yẹn gan-an, ẹ kà á, Honda ní ọ́ìlì sítíárìn tiẹ̀, kì í sì í pupa. Corolla tàbí Camry Big Daddy ni wọ́n máa ń da ATF sí tí kò ní ṣe nǹkan kan, ibẹ̀ ló ti mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lára.

Bí wọ́n ṣe máa ṣe é: kí wọ́n fi ṣírínjì fa ọ́ìlì inú ike, kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì tó mú ẹnu họ́ọ̀sì mọ́ páńpù, kí wọ́n yọ rọ́bà yẹn, kí wọ́n mú u dání lọ Arárọ̀mí ní Géètì kí wọ́n fi wọn tuntun. Kí wọ́n má fi gọ́ọ̀mù dí i o, mo bẹ̀ yín. Tí wọ́n bá dè é tán kí wọ́n da ọ́ìlì tó tọ́ sí i, kí wọ́n fi jáàkì gbé táyà iwájú méjèèjì, kí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, kí wọ́n yí sítíárìn láti ìparí dé ìparí bí ìgbà mẹ́wàá, kí wọ́n máa da ọ́ìlì sí i bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ìgbà tí kò bá hó mọ́ ni kí wọ́n tó sítáátì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tún fa ti inú ike, kí wọ́n da tuntun, títí àwọ̀ pupa yẹn á fi lọ.

Ọlọ́kọ̀_Mọ́kọ́lá
Alàgbà ẹ ṣeun. Tí páńpù fúnra ẹ̀ bá ti wá jẹ ńkọ́? Oṣù mẹ́ta ló ti ń mu atẹ́gùn.

Alàgbà_Òkè_Àdó
Ó ṣeé ṣe o, mi ò ní parọ́. Tí O-ring bá ti wọlé tí ìfófòó ti lọ tó ṣì ń hu, nígbà náà la tó máa sọ̀rọ̀ páńpù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ò kí ń ra páńpù ṣáájú O-ring.

Àǹtí_Akóbọ̀
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé. Mẹkáníìkì ò kọ́kọ́ gbà, ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹni tó ń kọ́ mi, mo ní kò burú, kó sáà tú u. Bó ṣe fi sukurudiráfà kan rọ́bà yẹn ló ṣẹ́ sí méjì bí ìpékeré. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ra tuntun, ọ́ìlì Honda la fi pẹ́ díẹ̀ ká tó rí níbi kan, wọ́n yí i sọ́tùn-ún wọ́n yí i sósì títí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ fi ń làágùn. Mo sítáátì. Mo rò pé ó kú ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Lánàá nígbà tí mo lọ mú ọmọ mi níléèwé, a ti dé ìkóríta kó tó bi mí pé, "Mọ́mì, ẹ̀fọn yẹn dà?"

Alàgbà, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Bọ̀dá réwáyà, mo gba alternator náà o, wọ́n dè é lórí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi dán an wò, a tan iná iwájú, 14.5!

Réwáyà_Ìwó_Road
Mo sọ bẹ́ẹ̀ 😂😂 Tòkunbọ̀ tí ẹ rà wá ńkọ́?

Àǹtí_Akóbọ̀
Ó wà lórí mọ́tò. Àkọ́kọ́ ló wà ní búùtù, mo fi láílọ́ọ̀nù wé e. Ta ló ń ra?

Ọlọ́kọ̀_Mọ́kọ́lá
Ṣé ó máa wọ Accord 2006? Èló lẹ fẹ́ gbà jáálẹ̀?