Eku 60 ni ọ̀gá mi ní kí n lò: ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣe másítàsì, ewúro àti àtọ̀gbẹ ni iṣẹ́ mi dá lé. Ọ̀gá mi ní kí n ra eku funfun 60, kí n gún wọn ní kẹ́míkà alloxan kí ṣúgà wọn lè ga, kí n fún wọn ní omi ewúro mu, kí n wá pa wọ́n láti yẹ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wọn wò. Ọkàn mi ò gbà á. Àtọ̀gbẹ ń bá bàbá mi fínra, nítorí náà mo mọ̀ pé ìwádìí yìí wúlò. Àmọ́ irú iṣẹ́ yìí kan náà lórí ewúro ti pọ̀ jáǹtìrẹrẹ. Ṣé dandan ni kí gbogbo ẹ̀mí yìí tún lọ sí i? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bíi pé mò ń kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ ní ojo. Láti 1959 ni Russell àti Burch, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti là á kalẹ̀ pé nínú ìwádìí, bí nǹkan mìíràn bá lè rọ́pò ẹran, ká lò ó. Bí kò bá ṣeé ṣe, ká dín iye ẹran kù. Èyí tí a bá sì lò, ká dín ìrora rẹ̀ kù. Ibi àkọ́kọ́ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù amylase ló ń gé sítáàṣì tí a jẹ di ṣúgà. Po sítáàṣì gbágùúdá, fi amylase àti omi ewúro sí i, dúró díẹ̀, kí o wá kán iodine sí i. Bó bá dú bí aró, sítáàṣì ṣì wà níbẹ̀, ewúro ti dí ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ nìyẹn. Bí dúdú yẹn ò bá yọ, ẹ́ńsáìmù ti gé e tán. Ṣe túùbù kan tí kò ní ewúro, kí o tún ṣe òmíràn tó ní ewúro láìsí ẹ́ńsáìmù, torí àwọ̀ ewé lásán lè tan ojú jẹ.

Bàbá Láàbù: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ká má tan ara wa. Túùbù ò ní ẹ̀dọ̀, kò ní ìfun. Ó lè fi ewé tó yẹ ká tẹ̀ lé hàn wá, kò lè sọ pé ewé náà máa wo èèyàn sàn. Bí eku ò bá ṣeé yẹ̀, ṣírò iye tó tó kí o tó ra ẹyọ kan. Àwọn NC3Rs, àjọ tó ń wá bí a ṣe máa dín lílo ẹran nínú ìwádìí kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Experimental Design Assistant, tó ń bá èèyàn ṣe é. Bó bá jẹ́ pé torí 60 ni wọ́n máa ń lò ni wọ́n ṣe ní kí o lo 60, ìyẹn kì í ṣe ìdí.

Ti alloxan yẹn, fetí sí mi dáadáa. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tí o bá gún wọn, insulin, èròjà ara tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ṣúgà wọn á já wálẹ̀, wọ́n á máa gbọ̀n, òmíràn ò sì ní jí. Omi glucose ni kí o gbé sí kéèjì wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti rí láàbù tí wọn ò ti ṣe é: òkú ni wọ́n bá láàárọ̀, wọ́n sì kàn lọ ra òmíràn dípò. Ó dùn mí títí dòní.

Dókítà Ẹran, Ọ̀yọ́: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dán ọṣẹ àti ìpara wò, ẹ fi ojú ehoro sílẹ̀. Ẹ lọ sí odò ẹran ní kùtùkùtù, ẹ gba ojú màlúù tí wọ́n ti pa fún jíjẹ, kẹ́ ẹ gbé e sínú omi iyọ̀ tútù. Awọ dídán iwájú ẹyinjú yẹn la fi ń dán an wò. Bí nǹkan náà bá le jù, awọ yẹn á ṣú, ìmọ́lẹ̀ ò ní lè là á kọjá dáadáa mọ́. OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ìlànà fún irú àyẹ̀wò báyìí, ti fọwọ́ sí ọ̀nà yìí láti 2009.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Má lọ bá wọn lọ́wọ́ òfo. Kọ ọ́ sí bébà kan: ohun tí túùbù máa kọ́kọ́ sọ, ìgbà tí ọ̀rọ̀ á tó kan eku, iye eku àti bí o ṣe ṣírò rẹ̀, owó tó máa dín kù. Yan ìgbà tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, kí wọn bó ṣe yẹ, kí o ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo èyí.” Rán wọn létí ARRIVE, ìlànà fún kíkọ ìròyìn ìwádìí tí a fi ẹran ṣe, tó ti wà láti 2010. Ọ̀pọ̀ jọ́nà, ìwé tó ń gbé ìwádìí jáde, ló ń tẹ̀ lé e, wọ́n sì máa ń béèrè ìdí tí a fi lo iye ẹran tí a lò. Kò sí ọ̀gá tí kò fẹ́ kí pépà jáde.

Ọmọ Ṣọ̀ún: Mo ti ń kọ ọ́. Bàbá, ṣé mo lè fi ibi ìṣírò ránṣẹ́ sí yín?

Bàbá Láàbù: Fi ránṣẹ́. Wo iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú rẹ, kọ bí ṣúgà eku wọn ṣe yàtọ̀ síra tó, torí òun la máa fi ṣírò.