Ẹni tó ń gbóhùn wá bá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀. Ẹ wá sọ tiyín

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ ìlú ni tiwa, àwọn tó ń gbálẹ̀ ojú pópó, tó ń ra ìwé fún ọmọ ilé-ìwé, tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a pe ọkùnrin kan tó ní sìkìsofirẹ́níà, àìsàn tó máa ń da èrò èèyàn rú, tó sì lè mú kó máa gbóhùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, kó wá bá wa sọ̀rọ̀. Kí n má purọ́, mo ti jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà kó tó dé. Ó wọlé, ó kí wa dáadáa, ó wá ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan: bí òun bá dákẹ́ lójijì, ká ṣe sùúrù, àwọn míì ló ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. A rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ohùn ló kọ́kọ́ dé o. Oorun ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá dà bíi pé àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ń pòwe mọ́ ọn. Ọdún kan gbáko ni kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní àwọn ohùn náà kì í pàṣẹ kí òun pààyàn, ohun tí òun bá ń ṣe ni wọ́n máa ń ròyìn: "Ó ti ń fọ abọ́. Kò mọ̀ ọ́n fọ̀. Ẹ wò ó." Látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ó ní nínú èèyàn 300, a máa rí ẹnì kan. Mo ka àwa tá a wà nínú gbọ̀ngàn lójú, a ò ju 40 lọ. Mo ní lọ́kàn mi pé kò kàn wá.

Ìgbà tó dórí ìbéèrè, nǹkan kan náà ni gbogbo èèyàn ń bi í: ṣé ó ti ṣe èèyàn léṣe rí? Ojú tì mí. Ẹ̀yin tó wà nínú ilé yín ńkọ́, tàbí tó jẹ́ ẹ̀yin gan-an?

Kò_Sí_Nǹkan:
Kí ló fi dáhùn?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́:
Ó ní rárá, àmọ́ wọ́n ti lu òun nígbà mẹ́ta.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Mo ti sọ ọ́ títí ó sú mi. Wọ́ọ̀dù ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ń ṣe léṣe nínú wọn pọ̀ ju àwọn tó ń ṣe èèyàn léṣe lọ. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹ̀rù tó ń bà á á ju ti gbogbo yín lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Àkọ́bí:
Àbúrò mi ọkùnrin ni tiwa. Kò gbà pé nǹkan kan ń ṣe òun. A rò pé agídí ni, àfi ìgbà tí dókítà ní ara àìsàn náà ni, pé ọpọlọ tó yẹ kó sọ fún un pé ara rẹ̀ ò yá, òun gan-an ni ara rẹ̀ ò yá. Ni màmá wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ oògùn, wọ́n ń pò ó mọ́ oúnjẹ. Oṣù mẹ́rin. Ó ń sùn, ó tún ń fá irùngbọ̀n ẹ̀, a ń dúpẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ló rí èérún oògùn nísàlẹ̀ abọ́.

Ẹ mọ ohun tó ti ń sọ fún wa látìbẹ̀rẹ̀? Pé àwọn kan ń fi nǹkan sóúnjẹ òun.

Ó wo màmá wa báyìí, kò sọ̀rọ̀. Ọdún méjì ni kò fi jẹ ohun tí ẹnikẹ́ni sè nílé wa. Inú agolo tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí nìkan ló ti ń jẹun.

Kò_Sí_Nǹkan:
Ha.

Mámá_Méjì:
Mò ń ṣe é lọ́wọ́ bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yín yìí. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ o, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ọmọ tí kò sùn, tó ń jáde rìn kiri lóru, tó ní kò sóhun tó ṣe òun, kí ni kí ìyá ẹ̀ ṣe? Kó káwọ́ lérí kó máa wò ó?

Ẹ̀gbọ́n_Àkọ́bí:
Ṣé mo bá màmá wí ni? Èmi ni mo ń bá wọn lọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Mámá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lọ oògùn láìbi dókítà. Àwọn kan wà tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú. Bẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀ máa wọ ara. Abẹ́rẹ́ tó ń pẹ́ lára wà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, òmíràn ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ẹ béèrè ẹ̀.

Olóhùn_Méjì:
Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lára mi. Mámá Méjì, mi ò ní í bá yín wí. Ohun tó mú mi gba oògùn ni pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáwọ́ nínú bíbá mi jiyàn. Ó kàn bi mí pé, "Àwọn ohùn yẹn, ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o sùn?" Mo ní rárá. Ó ní, "Jẹ́ ká lọ gba oògùn oorun." Oorun ni mo bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, mi ò bá ti àìsàn kankan lọ.

Oògùn náà ò dùn o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Èyí tí mo kọ́kọ́ lò kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé jẹ́ẹ́. Clozapine ni mò ń lò báyìí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ mi níbẹ̀rẹ̀, torí ó lè dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kù. Mo sanra. Itọ́ máa ń rin ìrọ̀rí mi láàárọ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́. Àmọ́ àwọn ohùn ti lọ sí yàrá kejì. Bí wọ́n bá sọ ohun tí mi ò lè ṣe kí n má dáhùn níta, mo máa ń gbé fóònù sétí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ó já sí pé gbogbo àwọn tí mò ń rí tí wọ́n ń dá sọ̀rọ̀ sí fóònù…

Olóhùn_Méjì:
Rárá, ti àwọn yẹn, ọ̀gá wọn ló ń bú wọn.

Ọ̀mọ̀ràn_Ayé:
Ẹ má bínú o. Ẹni tó lè tò ọ̀rọ̀ báyìí, ṣé ó ní i lóòótọ́? Ṣebí èyí tí èèyàn méjì máa ń wà nínú ara ẹnì kan ni?

Ìwé_Kíkà:
Rárá o, orúkọ ló kó bá wọn. Eugen Bleuler, dókítà ará Switzerland, ló mú orúkọ yẹn, sìkìsofirẹ́níà, wá ní 1908, látinú èdè Gíríìkì, bí ẹni pé ọkàn pín. Èrò tí kò bá ara wọn rìn mọ́ ló ń sọ, kì í ṣe èèyàn méjì. Ní Japan, wọ́n pààrọ̀ orúkọ tiwọn ní 2002. Ẹni tó sì ní kò lè tò ọ̀rọ̀, John Nash, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, ní i, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1994.

Olóhùn_Méjì:
Ẹ bá mi fi Nash sílẹ̀. Ẹrù ni mò ń tò sórí pẹpẹ ní ìsọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ṣé àfi kí n gba Nobel?

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Kí làwa á wá máa pè é lédè tiwa? Kì í ṣe wèrè o.

Ọ̀mọ̀ràn_Ayé:
Àìsàn ọpọlọ.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Wárápá ńkọ́? Ọpọlọ kọ́ lòun náà ti wá ni?

Ìwé_Kíkà:
Àìsàn agbóhùn-àìrí.

Olóhùn_Méjì:
Kì í ṣe gbogbo wa ló ń gbóhùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ò gbọ́ ọ rí. Tiẹ̀ ni pé kò lè dìde. Oṣù mẹ́fà lórí ibùsùn, kò wẹ̀, inú ẹ̀ ò dùn, kò sì bà jẹ́. Ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.

Kò_Sí_Nǹkan:
Ohun tí wọ́n pe bàbá mi nìyẹn títí wọ́n fi kú.

Ọ̀mọ̀ràn_Ayé:
Ẹ pè é bó ṣe wù yín. Àwọn àgbà ti sọ tiwọn: wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ.

Mámá_Méjì:
Mo ti bí i. Ó ṣeé bí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun ni ẹ fi ń rí ọ̀rọ̀ mi kà.

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Ọ̀mọ̀ràn, ó tó. Ẹ lọ sùn.

Ọ̀mọ̀ràn_Ayé:
Mámá, ẹ má bínú sí mi. Ẹnu ló yọ̀.

Mámá_Méjì:
Mo ti gbọ́. Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta yẹn, ṣé wọ́n lè kọ́kọ́ fún un nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́:
Rárá, ti oṣooṣù ló máa ń ṣáájú, kí wọ́n rí bó ṣe bá a lára mu. Kó bá yín lọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ béèrè.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́:
Mo gbàgbé ìkan. Lẹ́yìn ìpàdé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀, fa ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rí i tí bàbá náà ń fi gèlè ìyàwó wọn nu ojú.

A tún fẹ́ fún àlejò wa lẹ́bùn, ká bá a ya fọ́tò. Ó ní òun ò fẹ́ fọ́tò, òun ò fẹ́ ẹ̀bùn, fọ́ọ̀mù ìwọlé ẹgbẹ́ lòun fẹ́. Ìgbìmọ̀ ṣì ń jíròrò.

Gbẹ́nàgbẹ́nà:
Jíròrò kí ni?

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́:
Àwọn kan ń béèrè bóyá a lè fi nǹkan ẹgbẹ́ sí i lọ́wọ́.

Olóhùn_Méjì:
Ẹ fi ṣe akápò. Owó yín á péye, ó kéré tán ẹni mẹ́ta ló máa kà á.