Adìẹ tí mo rẹ sínú èròjà rọ̀ kọjá ààlà, ẹ gbà mí o!

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Lálẹ́ àná mo yan ẹran tí mo rẹ sínú èròjà, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ti bá wa jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ kàn án báyìí, ó tú. Àbúrò ọkọ mi jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé eyín ti ká lẹ́nu gbogbo wa ni. Ẹni tí kò lè se ẹyin! Ẹ̀rọ ìlọta mi ti bàjẹ́, ọlọ ni mo fi lọ atalẹ̀ àti aáyù, ọwọ́ mi ṣì ń ta mí. Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Mo ní àlejò lálẹ́ òní.

Àǹtí Ọbẹ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ibo lára adìẹ ni? Ó pẹ́ tó báwo nínú èròjà? Kí lẹ fi sí i gan-an?

Mọ́gàjí: Iyọ̀ ló pọ̀ jù. Èmi kì í fi iyọ̀ kan ẹran àfi tó bá kúrò lórí iná.

Alásè Kékeré: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Nínú gbogbo èròjà yẹn, iyọ̀ ló ń wọnú ẹran jù. Ata, aáyù, òróró, òkè ara ẹran ni wọ́n ń dúró sí. Gírámù 10 sí 15 ni mo máa ń fi sí kílò kan, á sì sùn mọ́jú nínú fíríìjì. Kò tú rí.

Mọ́gàjí: Ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè? Ó dáa.

Ìyá Ìbejì: Àyà adìẹ ni. Iyọ̀ kò pọ̀, ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀. Mo kàn fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó díẹ̀ sí i kó lè rọ̀, torí èyí tí mo yan lọ́jọ́sí le bí igi. Àbúrò ọkọ mi yìí kan náà ló fìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Àǹtí Ọbẹ̀: Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù, àbí ti inú agolo?

Ìyá Ìbejì: Tútù. Èmi ni mo gé e.

Àǹtí Ọbẹ̀: A ti rí i. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bromelain, ó máa ń já ara ẹran sí wẹ́wẹ́. Ìbẹ́pẹ náà ní irú tirẹ̀. Ti inú agolo kì í ṣe bẹ́ẹ̀, iná tí wọ́n fi sè é ti pa á. Àyà adìẹ kò ní agbára rẹ̀, ìdajì wákàtí ti tó o. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti fínígà náà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́: òkè ẹran á funfun bíi pé ó ti jinná, ẹnu á máa rí i bí ẹfun.

Ìyá Táyé: Èmi fi ìbẹ́pẹ rẹ edé rí. Mo kàn lọ dáhùn fóònù ni o! Ṣíbí la fi jẹ ẹ́.

Mọ́gàjí: Mo ṣì ní iyọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun. Láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni tèmi lò. Ìdajì ẹran náà ṣì wà nínú abọ́. Tí mo bá fi omi ṣàn án, ṣé mo lè yan án fún àwọn àlejò?

Alásè Kékeré: Inú fíríìjì ló wà, àbí?

Ìyá Ìbejì: Orí tábìlì ni. Ohun mímu àwọn àlejò ló kún fíríìjì. Ṣùgbọ́n mo dé e dáadáa.

Àǹtí Ọbẹ̀: Ẹ DÀ Á NÙ! Wákàtí 2 ni ẹran tútù lè lò níta. Iná lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n májèlé tí àwọn kan ti tú sínú ẹran kì í bá iná lọ. Ẹ má ṣàn án rárá, ẹ̀ẹ́ kàn máa ta omi rẹ̀ káàkiri ilé ìdáná ni. Ẹ da omi èròjà náà nù.

Ìyá Ìbejì: Gbogbo ẹran yẹn?

Alásè Kékeré: Gbogbo rẹ̀. Ẹ ra òmíràn, ẹ fi iyọ̀, aáyù àti òróró pa á, kó lo wákàtí kan nínú fíríìjì. Ẹ kó ohun mímu jáde, kò ní kú. Ẹ nu ara ẹran gbẹ kẹ́ ẹ tó yan án, kí inú rẹ̀ sì gbóná dé 74°C.

Àǹtí Ọbẹ̀: Ta ló jẹ èyí tẹ́ ẹ yan lánàá?

Ìyá Ìbejì: Èmi ò jẹ, inú ti bí mi. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó tì í sẹ́yìn. Àbúrò ọkọ mi ló jẹ tó kù, pẹ̀lú gbogbo ẹnu rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ló ti ń wọ ilé ìgbẹ́, mo rò pé ó ń sá fún abọ́ fífọ̀ ni.

Àǹtí Ọbẹ̀: Ha! Ẹ dìde nídìí fóònù, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún un. Tí ibà bá wà níbẹ̀ tàbí tó bá ń ya ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn kíá.

Ìyá Ìbejì: Mo ti ń lọ.