Bóòtù tó ń yí lásán: ojú wa rí nǹkan lára ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin l'Abẹ́òkúta

Ará Ọ̀nà Alábàtà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹni tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí bá mi dá sí i.

Ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà lọ́wọ́ mi, èyí tí wọ́n ń pè ní ATV. Àlòkù Jàpáánì ni, ó ti dàgbà kí n tó rà á. Òun ni mo fi ń kó ẹ̀gẹ́ jáde látinú oko wa lápá Ọ̀dẹ̀dá, torí ọ̀nà ibẹ̀ kò gba mọ́tò. Àpáta ni, kòtò ni, bí òjò bá sì rọ̀, ó di ẹrẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò já mi kulẹ̀ rí. Àwọn bóòtù ara rẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ní Sátidé, mo ní kí n pààrọ̀ ọ́ìlì. Mo tú bóòtù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì dúdú dà sínú kẹ́ẹ̀gì, mo nu ibẹ̀ mọ́, mo dá bóòtù padà. Ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ fi yí i, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo mú sípánà, ó fún. Mo ní kí n tún fi díẹ̀ kún un, kó má baà jò. Àfi bí sípánà tó ti ń le bọ̀ ṣe ṣàdédé rọ̀ lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí ìka bá wọ inú láfún gbígbóná. Mo tún un yí, ó ń yí lásán. Nígbà tí mo fà á jáde, mo rí ohun funfun wínníwínní kan tó ń dán, tó lọ́ mọ́ ara bóòtù bí òwú. Tírẹ́ẹ̀dì inú ẹ́ńjìnnì ni, àwọn eyín tí bóòtù ń gbà yí wọlé. Bóòtù jẹ́ irin, ara ẹ́ńjìnnì jẹ́ alumíníọ̀mù, èyí tó rọ̀ ló fara gbá a. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, n kò lè dìde fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ pè wé tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà ń lò mọ́ bóòtù náà, ó yí i wọlé, ó ní ó ti parí. N kò tíì dé títì tí mo fi rí ọ́ìlì tó ń kán sórí òkúta lẹ́yìn mi. Mo pa á lójú ẹsẹ̀, a sì tì í padà sílé. Ẹnì kejì ní ká wá bóòtù tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ká gbá a wọ ibẹ̀ tipátipá. Mo kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe nígbà tí tiyín rí báyìí?

Mẹkáníìkì Láfẹ́nwá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Orí yín ló bá yín kọ bóòtù ńlá yẹn. Mo ti rí kéésì ẹ́ńjìnnì tó sán nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ihò kan ṣoṣo di ọ̀rọ̀ ríra odidi ẹ́ńjìnnì.

Ohun kan wà tí mo máa ń bá àwọn oníbàárà mi jà lé lórí. Ọ̀pọ̀ rò pé agbára ló ń dí ọ́ìlì. Agbára kọ́, wáṣà ni. Wáṣà tó wà lọ́rùn bóòtù yẹn, ti bàbà tàbí ti alumíníọ̀mù, rọ̀. Bí ẹ bá ti fún un, á tẹ̀, á sì dí gbogbo ibi tí kò dọ́gba. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ẹni tó bá tún dá ògbólógbòó wáṣà padà, ọ́ìlì á máa kán, òun náà á máa fún bóòtù sí i, títí eyín tírẹ́ẹ̀dì á fi jẹ. Wáṣà tuntun kò wọ́n rárá. Ẹ má pààrọ̀ ọ́ìlì láìpààrọ̀ rẹ̀.

Èyí tó ti bàjẹ́ ní àtúnṣe. Ẹ wá ẹni tó ní táàpù àti helicoil. Wáyà irin tí kì í dípẹtà ni helicoil, wọ́n ká a bí sípíríǹgì. Onítọ̀hún á fi dírìlì gbẹ́ eyín tó ti jẹ kúrò, á fi táàpù gé eyín tuntun tó fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á wá yí helicoil wọ inú rẹ̀. Bóòtù yín ti tẹ́lẹ̀ náà ni á padà wọ ibẹ̀. Irin ni á wá máa di irin mú, ibẹ̀ á sì le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í. Kó kun gíríìsì sẹ́nu dírìlì àti táàpù, kí èéfọ́ alumíníọ̀mù lè lẹ̀ mọ́ ọn, kó má bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Ìrù kékeré kan wà nídìí helicoil tí wọ́n fi ń yí i wọlé, wọ́n á ṣẹ́ ẹ kúrò tí wọ́n bá ṣe tán. Ẹ ní kó fi ìrù yẹn lé yín lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá rí i, inú ẹ́ńjìnnì ló wà. Kẹ́ ẹ tó dá bóòtù padà, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sí i láti òkè, kó ṣàn gba ihò yẹn jáde, kó fọ ibẹ̀.

Kí táàpù tó wọ ibẹ̀, kí ó wọn bóòtù o. Kì í ṣe ìbú nìkan. Àlàfo tó wà láàárín eyín kan sí ìkejì náà ṣe pàtàkì. Àlàfo ti bóòtù 6, ìyẹn èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6, sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 1, ti 8 máa ń jẹ́ 1.25, ti ìdí ọ́ìlì sì yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fojú díwọ̀n á tún ibẹ̀ bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Tèmi ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Púlọ́ọ̀gì ni, èyí tó ń ta iná sínú ẹ́ńjìnnì. Mo ki sípánà bọ̀ ọ́ kí n tó fi ọwọ́ yí i, kò sì dúró gán-án, ó wọ́. Ó le díẹ̀, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fi agbára sí i. Ọkùnrin tó ni ọ̀kadà náà gùn ún lọ. Nígbà tó ń gun òkè, púlọ́ọ̀gì fò jáde bí ọta ìbọn, ó gba ẹ̀gbẹ́ itan rẹ̀ kọjá. Ọlọ́run ló yọ ọ́, kì bá ti jó o. Ọ̀gá mi kò nà mí. Ó mú mi dání, ó fi ìka mi sórí púlọ́ọ̀gì, ó ní kí n kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn. Mo yí i sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó ṣe "tà", ó bọ́ sílẹ̀ bíńtín. Ó ní, "Ibi tí eyín ti pàdé eyín nìyẹn. Ìgbà yẹn ni kó o tó yí i síwájú." Títí dòní, n kì í dá bóòtù kankan padà sínú alumíníọ̀mù láìgbọ́ "tà" yẹn. Ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀ ni ejò fi í gun àgbọn.

Ìyá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làálàá. Tẹ̀yin ń jò, tèmi fẹ́ pa èèyàn.

Irú ẹ̀rọ yẹn lọmọ mi fi ń bá mi kó ẹrù lọ sí ọjà. A tún ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣe, a san owó, inú wa dùn. Nọ́ọ̀tì ńlá tó di ẹsẹ̀ mú, èyí tó ní ehín lórí bí adé, yẹ kó ní píìnì tó gba inú rẹ̀ kọjá, tí wọ́n tẹ̀ sọ́tùn-ún àti sósì. Ẹni tó tún un ṣe kò ní píìnì lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ìṣó ló fi sí i. Ìṣó ìkànlé! Kò sì sọ fún wa.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ló kó, ó ní hándù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ òun. Ó bojú wo iwájú, ó rí táyà tó ń mì bí ẹni tó mutí yó. Ó tẹ búréèkì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dúró. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ìṣó ti ṣẹ́, nọ́ọ̀tì ti yí dé ẹnu, eyín tó kù tó di ẹsẹ̀ mú kò pé mẹ́ta. Mo gbọ́, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́.

Láti ìgbà náà, píìnì tuntun ni mo máa ń rà sílẹ̀ fúnra mi, mo sì rí ọgbọ́n kan dá. Kútẹ́ẹ̀sì tí àwọn ọmọbìnrin fi ń kun èékánná ni mo fà lórí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, láti orí rẹ̀ bọ́ sórí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìlà kan ṣoṣo. Ní àárọ̀ kí ọmọ mi tó jáde, mo máa wò ó. Bí ìlà bá ti ya sí méjì, nọ́ọ̀tì yẹn ti rìn. N kò nílò sípánà kí n tó mọ̀.

Onítọ́nà Pánṣẹ́kẹ́

Màmá, ọgbọ́n yẹn dára gan-an, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé nọ́ọ̀tì táyà tí ìdí rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí ṣóńṣó yẹn ló gbọ́dọ̀ kọjú sí ihò ríìmù. Mo ti rí èyí tí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, kò sí bó ṣe lè dúró.

Ohun kejì ni àwọn sikúrù olórí àgbélébùú tó wà lára ẹ̀rọ Jàpáánì. Wọ́n jọ ti sikirudiráfà tí gbogbo wa ní nílé, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò bára mu. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fò jáde, tó sì máa ń jẹ orí sikúrù. JIS ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìlànà àwọn ará Jàpáánì, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ní àmì bíńtín kan lórí bí ojú abẹ́rẹ́. Èyí tí mo bá bá tí ìpẹtà ti mú, mo máa ń fi epo rin ín mọ́jú, n óò yọ táǹkì epo kúrò pátápátá, n óò wá fi iná gbóná alumíníọ̀mù tó yí i ká. Alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì irin tí ooru bá mú un, á sì ju bóòtù náà sílẹ̀.

N kò fara mọ́ gọ́ọ̀mù pupa tí àwọn kan ń fi sí gbogbo tírẹ́ẹ̀dì kí bóòtù má baà tú o. Aláwọ̀ búlúù tó fún bóòtù tó ń mì, sípánà á sì tú u lọ́jọ́ mìíràn. Pupa yẹn, àfi tí ẹ bá fi iná sí i. Ẹ fi sí bóòtù 6 kékeré, orí rẹ̀ á já sí yín lọ́wọ́.

Ará Ọ̀nà Alábàtà

Ọ̀gá Láfẹ́nwá, mo béèrè ìwọ̀n tó yẹ kéèyàn fi fún bóòtù 6 lọ́wọ́ ẹni tó bá mi ṣe é. Ó ní bíi 10 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan. Kò yé mi, ló bá gbé píọ̀ wọ́tà méjì, àwọn onídajì lítà yẹn, ó so wọ́n mọ́ ìdí páìpù tó gùn ní mítà 1, ó ní kí n di ẹnu kejì mú. Mo rò ó wò. Gbogbo rẹ̀ nìyẹn! Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti ń fi apá fún un.

Wọ́n ti fi helicoil sí i. Mo gba ìrù náà, ó wà nínú àpò mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Wáṣà bàbà tuntun ni mo lò, mo gbọ́ "tà" kí n tó yí i síwájú, mo sì di sípánà mú ní tòsí orí rẹ̀. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́jú. Páálí gbẹ.

Màmá, ẹ ṣeun. Kútẹ́ẹ̀sì pupa nìyàwó mi fún mi, mo ti fà á lórí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.