Màmá mi kì í fẹ́ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta la wà. Màmá mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n bí ara wọn bá ti yá díẹ̀ báyìí, wọ́n á pa oògùn tì, wọ́n á ní nǹkan kan ò kúkú ṣe àwọn. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, 170/105 ni. Dókítà ya àwòrán ọkàn wọn, ó ní ògiri yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ti ń ki. Nínú yàrá 4 tí ọkàn ní, òun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, bí ìfúnpá bá sì ga, àfi kó máa fi tipátipá ṣiṣẹ́. Bó bá ki jù, kò ní lè dẹ̀ dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ rí àyè kún inú rẹ̀, ó sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ tó bá yá. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Wọ́n ní àgbo tí àwọn ń mu ti tó. Ẹ̀yin tí òbí yín ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe bá wọn sọ ọ́ tí wọ́n fi gbà? Ṣé kí dókítà fi àwòrán náà hàn wọ́n ni, àbí kí n lọ bẹ ẹ̀gbọ́n wọn?